Ta Ló Wà Lókè Omi?

Okùn fà lẹ́ẹ̀kan, ó dẹ̀, kò fà mọ́.

Mo jókòó sétí ibùsùn, mo fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí okùn náà mú, mo ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì. Ní Ìsokọ́ra, ìlú wa orí omi, fífà ẹ̀ẹ̀mejì ni ìkíni àárọ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà lókè omi, níbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ni yóò kọ́kọ́ fa okùn tó so òun mọ́ ará ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ará ìsàlẹ̀ á fà á padà lẹ́ẹ̀mejì: mo wà. Òun náà á wá yíjú sí okùn tó so òun mọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ ni jíjí ìlú wa ṣe máa ń ṣàn láti ilé dé ilé, títí yóò fi kan ẹnu ọ̀sà. Bí okùn kan kò bá dáhùn, a kì í pariwo, a kì í ránṣẹ́. Ẹsẹ̀ la fi ń lọ wò ó.

Ìyá Ìlọ̀rí ló wà lókè omi tèmi, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo ìlú. Mo ti wà lórí pátákó tó la àárín ilé wa kí n tó gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ikọ́ tó jinlẹ̀, bí ẹni ń wọ́ àga nínú yàrá tó ṣófo.

"Ìyá Ìlọ̀rí, ẹ̀ẹ̀kan lẹ fà."

"Ikọ́ ló já ìkejì gbà lọ́wọ́ mi. Padà sílé ẹ, mi ò tíì kú. Àbí o ti ń wo ibi tí o máa gbé ìkòkò mi sí?"

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ sórí ọ̀kan nínú àwọn àgbá aláwọ̀ búlúù tó gbé ilé rẹ̀ léfòó, ó ń fún àwọ̀n ìrì sínú abọ́. Omi ló yí wa ká, síbẹ̀ inú afẹ́fẹ́ la ti ń wá èyí tí a ó mu. Ẹ̀rọ oníṣègùn tó ń káàkiri ìlú ti gbé etí lé e láyà nígbà òjò, ó sì ti sọ tirẹ̀: ọ̀rinrin ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Kò sí oògùn rẹ̀ lórí omi. Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ìyá Ìlọ̀rí dá a lóhùn pé kó lọ bu ilẹ̀ gbígbẹ náà wá nínú ìgò, òun á mu ún.

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Orí òkè ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi, níbi tí òtútù ti ń mú kí eyín ẹni máa lu ara wọn, tí ilẹ̀ kì í sì í mì rárá. Síbẹ̀, bí mo bá jí, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ wá okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọwọ́ kì í tètè gbàgbé.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ahun wá.

Dúrójayé ló kọ́kọ́ rí i. Ilé rẹ̀ ló tẹ̀ lé tèmi nísàlẹ̀. Ike tó ń léfòó ló máa ń ṣà jọ, òun ló sì máa ń fi wọ́n hun ògiri fún gbogbo wa. Ó dìde dúró lórí òrùlé rẹ̀, ó ń ju ọwọ́.

"Ẹ bojú wẹ̀yìn o! Ahun ìjọba ń bọ̀! Ẹni tó bá jí ẹja nínú àwọ̀n ẹlòmíì, kó yáa dá a padà!"

Ẹ̀rọ ni Ahun; ó ń wọ́ bọ̀ láàárín àwọn ilé, awo dúdú tó ń mu oòrùn bo ẹ̀yìn rẹ̀, iná kékeré kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀. Àjọ Ilẹ̀ Gbígbẹ ló ń rán an. Ẹni tó kọ́ ọ ní Yorùbá kọ́ ọ ní ìbọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti kọ́ ọ bí a ṣe ń dá àgbà mọ̀. Ìkókó ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ẹ̀yin àgbà. Ajá Dúrójayé, ẹ̀yin àgbà.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà," ó kí ajá náà. Ajá gbó o. Ó yíjú sí wa. "Mo ń wá Àwẹ̀ró. Mo ń wá Olúgbódi."

"Ta ló ń pe orúkọ mi ní gbàǹgbà bẹ́ẹ̀?" Ìyá Ìlọ̀rí gbé àwọ̀n sílẹ̀. "Ṣé èmi àti bàbá ẹ jọ ṣeré rí ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Òkun ti padà sẹ́yìn odi. Àdúgbò Ìfọ̀kànbalẹ̀ ti gbẹ. Òfin Ìpadàsílé ní kí ohun gbogbo padà sí bí ó ti wà kí omi tó dé. Àwọn Alántakùn ti kọ́ ilé gbogbo ará òpópónà yín tán. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn yóò wọlé. Ó ku ilé méjì, nítorí ògiri kan ló wà láàárín wọn, ẹni méjì ló sì ni ín. Kí omi tó yí padà nírọ̀lẹ́ òní, kí ẹni méjèèjì gbé ọwọ́ lé mi. Bí ẹnì kan bá kọ̀, kò sí ògiri. Ibi tí kò bá sí ògiri, kò sí ilé. A ó gbin igi síbẹ̀ kí ó máa bá wa ṣọ́ òkun."

Gbogbo wa ti rí àwọn Alántakùn lókèèrè, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń jẹ yanrìn tó sì ń pọ̀ ọ́ bí itọ́, tí itọ́ náà ń gan di ilé. Mi ò rò pé wọ́n lè kan tèmi.

"Ṣé ẹ ò lè kọ́ ilé méjèèjì, kí ẹ fi àárín wọn sílẹ̀ gbalasa?" mo bi í.

"Àkọsílẹ̀ ní ògiri, ẹ̀yin àgbà. Ó ga ju ọkùnrin lọ. Àfọ́kù ìgò wà lórí rẹ̀, aláwọ̀ ewé níhà kan, aláwọ̀ rúsúrúsú níhà kejì."

"Èmi ni mo ni aláwọ̀ ewé," Ìyá Ìlọ̀rí sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn.

Dúrójayé ti bọ́ sílẹ̀ lórí òrùlé. "Ẹ̀gbọ́n Gbódi, wọ́n ní kẹ́ ẹ wá gba ilé l'Ékòó, ẹ ń fajú ro! Bó bá ṣe èmi ni, mi ò bá ti wà lẹ́yìn Ahun yìí, mi ò bá ti máa nà án ní pàṣán. Ẹ̀yin Ahun, èmi tí mi ò ní ilé tẹ́lẹ̀ ńkọ́, tó jẹ́ abẹ́ afárá ni mò ń sùn? Kí lẹ fẹ́ dá padà fún mi? Ẹ̀fọn?"

"Àkọsílẹ̀ kò ní nǹkan kan nípa yín, ẹ̀yin àgbà."

"Mo mọ̀," Dúrójayé ní. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ahun lọ dákẹ́ sí ìdí òpó tí a máa ń so ọkọ̀ mọ́, ó ń dúró dè wá.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi àti Ìyá Ìlọ̀rí fi gbé ẹ̀gbẹ́ ara wa ní Ìfọ̀kànbalẹ̀. Mo mọ ìró jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, mi ò mọ ohùn rẹ̀. Mo mọ àwọ̀ géètì rẹ̀. Bí òórùn ọbẹ̀ bá fò kọjá wá, mo mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ lọ́hùn-ún, ìyẹn náà sì tó. Bí gbogbo wa ṣe ń gbé nìyẹn. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí, ọmọ mi wà nílé ẹ̀kọ́ lórí òkè níhìn-ín, èmi àti tẹlifíṣọ̀n la jọ ń jẹun.

Ọjọ́ tí òkun dé, ilé kún dé ojú fèrèsé, mo gun ògiri. Bí mo ṣe gbé orí sókè báyìí ni mo rí obìnrin kan tó ń ti tìmùtìmù ibùsùn bọ̀ láti ìhà kejì, ó fẹ́ fi bo àfọ́kù ìgò. "Ẹ bá mi fà á," ló wí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láyé. Mo bá a fà á. A jókòó sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́dọ̀ tèmi, ẹsẹ̀ òsì lọ́dọ̀ tirẹ̀, omi ń gba abẹ́ wa kọjá tòun ti àga, ewúrẹ́, ilẹ̀kùn. Nígbà tí oorun fẹ́ máa gbé wa, ó tú ìborùn rẹ̀, ó so ọwọ́ mi mọ́ tirẹ̀. "Bí o bá jí, fà á," ló wí. "Bí mo bá wà, màá fà á padà." Ó wá bi mí pé kí lorúkọ mi.

Mi ò ní purọ́ pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òkun. Ó kó àwọn ènìyàn tí mi ò ní rí mọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ògiri yẹn sínú ọkọ̀ kì í ṣe ẹni tó gùn ún. Mo kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ra ọ̀pá ìtilẹ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń hun okùn. Mo mọ ẹni tí orí máa ń fọ́ bí òjò bá ṣú, mo mọ ẹni tó máa ń bá ara rẹ̀ jà bó bá ṣì ń gbọ́ ohùn ọmọ tí omi gbé lọ. Bí tọkọtaya bá ń ṣe gbọ́nmi-si-omi-ò-tó, èmi, tí mi ò mọ ará ilé kejì mi rí, ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Wọ́n wá ní kí n padà sínú ògiri.

"Jókòó," Ìyá Ìlọ̀rí wí. "O ń rìn kiri bí adìyẹ tó fẹ́ yé."

"Ẹ fẹ́ lọ," mo ní.

"Ara mi ló fẹ́ lọ. Èmi fúnra mi, mi ò tíì bá a ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà."

"Oníṣègùn ní—"

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ yẹn ní. Etí mi kọ́ ló ń wúkọ́." Ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀. "Má torí mi lọ, Gbódi. Bí o bá torí mi lọ, ojoojúmọ́ ni wàá máa tẹ́tí sí àyà mi. Bí mo bá wú ikọ́ ẹyọ kan, wàá ní gbogbo rẹ̀ ti já sásán. Mi ò lè fi ẹ̀mí mi dá ẹnì kankan dúró, mi ò sì lè fi lé ẹnì kankan lọ."

"Bí mi ò bá lọ ńkọ́?"

Ó mú àwọ̀n ìrì tó ti gbẹ, ó tún ń fún un.

"Ògiri yẹn ló ń bà mí lẹ́rù," mo ní. "Mo mọ ara mi. Bí mo bá wọlé tán, tí mo ti ilẹ̀kùn, tí ara tù mí, mo lè gbàgbé."

"Gbàgbé kí ni?"

"Pé ẹ wà."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà tẹ̀ ẹ́ síwájú títí iwájú orí rẹ̀ fi kan orúnkún. Nígbà tó gbé orí sókè, omi ti dé ojú rẹ̀.

"Ògiri ò lẹ́nu, Gbódi. Àwa la dákẹ́. Ọjọ́ tí òkun sì dé, bí kò bá sí i, orí kí ni à bá jókòó lé?"

Mo padà sílé mi. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Lẹ́nu ọ̀sà, ìfófòó ti ń dúró lójú kan, àmì pé omi ò ní pẹ́ yí padà. Mo jókòó sétí ibùsùn, mo di okùn mú, bóyá torí pé mi ò mọ ibòmíì tí mo lè fi ọwọ́ sí. Okùn ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbì ni. Àmọ́ gbogbo ará Ìsokọ́ra ló mọ bí ìgbì ṣe ń ṣe lára okùn: ó ń gùn, ó ń sọ̀, kò ní kánjú. Èyí ń já, ó ń sinmi, ó tún ń já. Ìyá Ìlọ̀rí ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí n má baà gbọ́, ó sì gbàgbé pé òun fi ẹ̀yìn ti òpó tí okùn wà. Ikọ́ rẹ̀ ń gba inú okùn wá sínú àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo súfèé pe Ahun.

Ó gbé awo kan yọ láti inú àyà rẹ̀. Mo tẹ́ ọwọ́ lé e. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ó pẹ́ díẹ̀. "Ìka mẹ́fà," ó wí. "Àkọsílẹ̀ náà ní mẹ́fà. Ẹ kú oríire, ẹ̀yin àgbà."

Ìyá Ìlọ̀rí ti wà lórí pátákó, kò sí ẹni tó pè é. Ó wo ojú mi títí. "Nítorí ta ni?" ló bi mí.

"Nítorí èmi," mo ní. "Mi ò fẹ́ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí okùn má fà."

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé awo náà.

A kì í gé okùn ní Ìsokọ́ra. Tútú la ń tú u, ọwọ́ ìhà méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Dúrójayé tú tìsàlẹ̀, èmi tú tòkè, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi àti Ìyá Ìlọ̀rí ṣe tú tiwa. "Ẹ ti sọ mí di ará òkè omi," Dúrójayé ń ráhùn, "èmi olóorun! Ìlú yìí ò ní máa jí mọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí." Ó nu imú rẹ̀ sí apá. Ìyá Ìlọ̀rí ká okùn tiwa mọ́ ọrùn, ó ní òun ni òun máa gbé e, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá òun jà.

Ní Ìfọ̀kànbalẹ̀, ilẹ̀ kò mì. Gbogbo ara mi ń retí ìgbì, ìgbì kò dé, mo wá ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ nínú ilé mi bí ọ̀mùtí. Àwọn Alántakùn kò gbàgbé nǹkan kan. Wọ́n kọ́ ìlà tó sán lára ògiri pálọ̀, wọ́n kọ́ ibi tí mo ti fi ìṣó lu ihò tí kò wúlò. Géètì mọ ọwọ́ mi, tèmi nìkan. Ògiri náà dúró láàárín wa, ìgò rẹ̀ ń dán. Ìyá Ìlọ̀rí ju orí okùn kọjá wá, ó bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, mo so ó mọ́ irin fèrèsé. Gbogbo òpópónà, tí àwọn náà ti Ìsokọ́ra bọ̀, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Okùn ń fò lórí ògiri kiri bí ẹyẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo di okùn mú, mo ń dúró.

Okùn orí omi kì í dúró jẹ́ẹ́. Bí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ tilẹ̀ ń sùn, omi á máa bá ẹ sọ̀rọ̀. Èyí dúró bí irin. Mo dúró títí oòrùn fi yọ lórí òrùlé. Mi ò gbọ́ ikọ́. Ògiri nípọn, mi ò lè mọ̀ bóyá ikọ́ ni kò sí ni, tàbí etí ni kò dé ibẹ̀. Mo sáré lọ sí géètì rẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ lé e. "A kò mọ̀ yín," ni géètì wí.

Ni mo bá padà, mo wọ́ tìmùtìmù ibùsùn mi bọ́ sí gbangba, mo gun àgbá omi, mo sọ ọ́ sókè sórí ìgò. Nǹkan kan sọ ọ́ padà sí mi. Mo tún tì í, ó tún padà wá. Mo gbé orí sókè. Tìmùtìmù mìíràn ló ń bọ̀ láti ìhà kejì, ìborùn kan sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Gbódi!" Ó di orí àkàbà mú, ó ń mí hẹlẹ. "O ò kú?"

"Èmi kẹ̀? Kí ló dé tẹ́ ò fà?"

"Kí n fà? Ìwọ lo wà lókè omi!"

"Ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ fà láti ọjọ́ tí a ti wà!"

"Lórí ọ̀sà ni! Wo gọ́tà níbẹ̀ yẹn." Ó na ìka sílẹ̀. "Láti ọ̀dọ̀ rẹ lòjò ti ń ṣàn wá bá mi. Mo ti wò ó lánàá kí n tó wọlé. Òkè lo wà níhìn-ín. Mo ti dì í mú láti ìdájí, mò ń retí rẹ, ìwọ ọlọ́gbọ́n yìí!"

Mo wo gọ́tà. Òótọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà bẹ̀rẹ̀, mo sì ń dúró kí ẹ̀rín rẹ̀ di ikọ́. Ó di ikọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tètè jáwọ́. Mo fà á gòkè. A jókòó bí a ṣe jókòó níjọ́sí, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, àfi pé koríko tuntun ló wà lábẹ́ wa.

"Gbódi," ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Wò."

Mo wo ìsàlẹ̀ òpópónà. Lórí gbogbo ògiri Ìfọ̀kànbalẹ̀, láti ilé wa títí dé ìyànà, àwọn ènìyàn ń yọrí. Ẹlòmíì fi aṣọ bo ìgò, ẹlòmíì fi ẹní, ẹnì kan gbé odindi ilẹ̀kùn sí i. Bàbá kan wọ ṣòkòtò kan ṣoṣo, ó ń bú ará ilé kejì rẹ̀ pé kí ló dé tí kò fà, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Gbogbo wọn ló ti ń dúró de ẹni tó ń dúró dè wọ́n.

Ahun yọ ní ìyànà. Ó ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ omi, orí táyà ló ń yí bọ̀ báyìí. Ó ń tan iná sí ògiri kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan tiwa.

"Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ògiri bá àkọsílẹ̀ mu. Ìgò bá àkọsílẹ̀ mu." Iná ojú rẹ̀ ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. "Ènìyàn tó jókòó sórí ògiri kò sí nínú àkọsílẹ̀."

Ìyá Ìlọ̀rí tún ìborùn rẹ̀ dè. Ó mú okùn tó la àárín wa kọjá, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ èjìká wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Mo fà á padà.

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí," ó wí fún Ahun. "Kọ ọ́ sílẹ̀."